Mẹ́rin Nínú Márùn-ún

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ilẹ̀kùn ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. "Kò-gbọdọ̀-wọ́" ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bí ilẹ̀kùn tó ṣe bá ha ilẹ̀ pẹ́rẹ́, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a wọn pákó, á ní, "O ṣeun," á sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bi í pé ṣé ó rò pé òun fọ́jú ni. Ó ní, "O ò fọ́jú. Ojú rẹ ló ń kánjú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe kú. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi oyin bò ó.

Orí ìtọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Á wọ ilé ìtọ̀, á pẹ́ pẹ́ pẹ́, ìtọ̀ á kàn máa kán tó-tó-tó bí ẹ̀rọ omi tí kò dé dáadáa. Àbúrò rẹ̀ á ké láti ìta: "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń kọ lẹ́tà níbẹ̀ ni?" Mo pariwo títí ó fi lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, kí wọ́n lè wo próstéètì rẹ̀, ìyẹn ohun kan bí kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin.

Lójú fèrèsé ni wọ́n ti sọ èsì fún wa. Akọ̀wé ibẹ̀ ń jẹ bísíkíìtì. Ó ní, "Bàbá, mẹ́rin nínú márùn-ún! Ẹ ti yege. Máàkì kan ló kù kí ẹ gbé ipò kìíní."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí a rí dókítà. Akọ̀wé ní dókítà ò sí, kí a padà wá.

Ọkọ mi ní, "Ìyá wọn, ta ló ń yege tó tún ń padà lọ bẹ olùkọ́?"

Bó ṣe ń dá gbogbo ẹni tó bá kí i lóhùn nìyẹn: "Mẹ́rin nínú márùn-ún!" Àbúrò rẹ̀ ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ò gba tó yìí nílé ìwé rí." Ẹni tí kì í gba ìwọ̀n ẹlòmíràn gbọ́ lórí pákó, ó gba ti ẹlẹ́nu bísíkíìtì gbọ́ lórí ẹ̀mí ara rẹ̀. Mo ń bínú sí òun náà, bó tilẹ̀ ti kú.

Ìgbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún tí kò lè gbé pákó mọ́ la padà lọ. Dókítà obìnrin kan wo èsì ọjọ́sí, ó dijú. Òun ló là á yé wa pé kì í ṣe máàkì ìdánwò, pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí àwòrán náà ṣe jọ ti jẹjẹrẹ tó ni. Ẹni tó ní ookan tàbí eéjì, ó jọ pé kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ẹẹ́ta, àárín méjì ló wà. Ẹẹ́rin, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó wà. Aárùn-ún, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní, "Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí nìkan kò tó sọ pé ó dájú. Wọ́n á bu ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò ni. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é."

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀ ń wí pé bó ṣe ń ga ló ṣe ń burú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó yíjú sí mi. "Ilẹ̀kùn ti wọ́, Ìyá wọn."

Wọ́n bu ẹran náà yẹ̀ wò: jẹjẹrẹ ni, ó sì ti dé inú egungun. Wọ́n tọ́jú ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ dá ọ̀pá ìtilẹ̀ tí ọsibítù yá a padà. Akọ̀wé yẹn náà ló wà lójú fèrèsé. Bàbá arúgbó kan dúró níwájú mi, ó ká fìlà mọ́wọ́.

"Bàbá, márùn-ún nínú márùn-ún! Ẹ ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn!"

Bẹ́ǹṣì tún bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà dé fìlà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ máa lọ. Mo fi ọ̀pá gbá fèrèsé náà gbàù.

"Màmá, kí ló dé? Àwàdà ni mo ń ṣe."

"Àwàdà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin!"

Bàbá náà rọra bi mí pé, "Ìyá, ṣé mo kùnà ni?"

Mo ní, "Ẹ ò kùnà, ẹ ò sì yege. Wọn ò tíì bu nǹkan kan lára yín yẹ̀ wò. Ẹ máa bọ̀."

Akọ̀wé ní dókítà ò sí. Mo ní á dé. Mo fa bàbá náà lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà dókítà, mo fi ọ̀pá ọkọ mi dábùú ọ̀nà náà, àwa méjèèjì sì jókòó.