Ẹlẹ́ṣin Tí Mo Pọnmi Fún

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin ọmọ mi, ní àwọn ọdún tí Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni ó mọ ìwé kà nínú agbo ilé wa ní àdúgbò Mamobi. Èmi ni mo máa ń bá ìyá wa ta ọṣẹ ní ọjà Makola, nítorí ìyá wa gbà pé ọmọ kan tí ó kàwé ti tó fún ilé kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé ìtàn Òyìnbó kan. Ó dá lórí àwọn ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́ tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù irin, tí wọ́n sì búra láti ṣọ́ àpótí kan tí a rì mọ́ abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ kí ayé gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti bá a pọn omi tirẹ̀ kún àmù, yóò ṣí ìwé náà, yóò sì máa tú u sí Yorùbá fún mi. Ẹlẹ́ṣin tí ó kéré jù nínú wọn ni mo fẹ́ràn. Ó ń lọ sí Róòmù, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ebi pa á, ọ̀tá dè é mọ́lẹ̀, síbẹ̀ kò sọ ibi tí àpótí wà.

Àdéhùn wa ni pé bí ìwé náà bá parí, òun yóò kọ́ mi ní ìwé kíkà. Nítorí àdéhùn yìí ni n kò fi ṣe ọ̀lẹ ní ọjọ́ kankan. Mo máa ń bi í pé, "Àǹtí, ṣé ó ku púpọ̀?"

"Ṣé o rò pé ẹ̀gbẹ́ Nima níbí ni Róòmù wà ni? Ẹlẹ́ṣin rẹ ṣì wà lọ́nà. Lọ pọn garawa kan sí i."

Àwọn obìnrin Ga, ọmọ onílẹ̀, tí a jọ ń tò sí ìdí ẹ̀rọ omi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, pé, "Alata, ṣé ẹṣin ni ẹ ń fún lómi nílé yín?" Inú mi a dùn, nítorí pé lójú tèmi, ẹṣin ni.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́ṣin kò dé. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ọkọ ní Kumasi. Ó ní kí n má bínú, ìwé náà kò tíì parí.

Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ fún àgbà. Mo fara balẹ̀ kọ́ ọ, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí mo fi lè ka ìwé Òyìnbó. Nígbà náà ni mo tọrọ ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Ní ìdajì rẹ̀, ẹlẹ́ṣin mi dalẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú àpótí náà fún ọba. Kò sí aṣálẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo ìyẹn ti wá.

Mo bi í ní ìdí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí mo bá sọ fún ọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni, ta ni ì bá máa bá mi pọn omi?"

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìyá mi ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

Lónìí, omi ń yọ nínú ilé, ọmọdé sì ń kàwé lórí fóònù. Bí ẹ bá ń kàwé fún mi, ẹ ń rí i pé mo máa ń súnmọ́ yín, mo sì ń fi ojú bá yín lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò pé ìfẹ́ nìkan ni. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣálẹ̀ yẹn ni mo ń wá.