Aránṣọ Tí Kò Mọ Ìbàdí Ara Rẹ̀

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ, n kò sì mọ̀ pé mo sanra. Ṣòkòtò ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ há mọ́ ọn, tí yóò fi mọ̀. Ṣòkòtò tèmi kò lè sọ nǹkan kan, nítorí èmi ni mo ń rán an. Bó bá ti fẹ́ há, mo tú etí rẹ̀, mo fi àjákù aṣọ kan lé e, mo sì gbàgbé. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ìbàdí oníbàdí ni mo ń wọ̀n láràárọ̀, tí mo ń kọ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti àwọ̀ òwú.

Eyín ló tú mi fó. Eyín iwájú méjì ti ìsàlẹ̀ ni mo fi ń gé òwú. Àlùmọ́gàjí mẹ́rin wà lórí tábìlì mi, mo tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, ṣùgbọ́n ikùn mi kì í jẹ́ kí ọwọ́ mi tó wọn. Lọ́jọ́ kan, mo fẹnu gé òwú ara aṣọ funfun tí nọ́ọ̀sì kan dúró dè. Nígbà tí mo gbé ẹnu kúrò, ẹ̀jẹ̀ wà lára kọ́là ọrùn aṣọ náà. Eyín méjèèjì sì ń mì bíi bọ́tìnì tí òwú rẹ̀ ti tú.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ aṣọ mi ni?"

"Abẹ́rẹ́ ló gún mi."

"Abẹ́rẹ́ wo ló ń gún èèyàn ní èrìgì?"

Ó fọ kọ́là náà fúnra rẹ̀, ó sì júwe ilé ìwòsàn eyín fún mi.

Dókítà eyín náà kò ju àkọ́bí mi lọ. Ó wo ẹnu mi tán, ó ní kí n gun ìwọ̀n.

"Ọmọ mi, eyín ni mo gbé wá, mi ò gbé ikùn wá."

"Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọlé, bàbá."

Ó ṣàlàyé pé ọ̀rá tó pọ̀ lára kì í jókòó lásán. Ó lè mú kí èrìgì máa wú, kó máa ṣẹ̀jẹ̀, kó sì máa fà kúrò lára eyín. Tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tún ga, ó burú sí i. Ó fọ ìdí eyín náà. "Tí èrìgì ò bá dì wọ́n mú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a máa yọ wọ́n. Ínṣì mélòó ni ìbàdí yín?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Ó wò mí bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń wò mí tí mo bá ní kí wọ́n padà wá lọ́la.

Nílé, ìyàwó mi mú téèpù. Mo fa ikùn wọnú.

"Ẹ mí síta, bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà yín."

Ínṣì méjìdínláàádọ́ta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà mi, ó sì fi ọjọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àfi ìgò kan tí ìyàwó mi bá lábẹ́ àjákù aṣọ. Lóṣù kẹta, mo rán etí ṣòkòtò mi wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Dókítà gbìyànjú láti mi eyín méjèèjì. Ọ̀kan dì mú. Ó yọ èkejì.

Nọ́ọ̀sì náà tún gbé aṣọ wá. Nígbà tí mo rán an tán, tó ku kí n gé òwú, ó ń wo ẹnu mi. Mo nawọ́ sórí tábìlì. Ọwọ́ mi tó àlùmọ́gàjí.