Ohùn Kejìlá

Kò sí aṣọ òkú tí ń ba Mujeedat lẹ́rù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tọ́jú aṣọ eré ní gbọ̀ngán tíátà yunifásítì tó wà lẹ́yìn Málù Road, aṣọ òkú ló sì pọ̀ jù nínú yàrá rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, n ò purọ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gbọ̀ngán náà, àwọn olùkọ́ ní kí ará àdúgbò tó bá ní aṣọ tẹ́nikẹ́ni ò wọ̀ mọ́ kó o wá. Ta ló ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni téèyàn rẹ̀ kú? Láti Ajégúnlẹ̀, láti Ìjọ́rà Badia, ńṣe ni wọ́n ń kó o bọ̀ nínú ọ̀rá dúdú.

Lọ́jọ́ kan, opó kan rí bùbá ọkọ rẹ̀ lórí ìtàgé. Ó dìde, ó kí i káàbọ̀ bí ìgbà tó bá tibi iṣẹ́ dé, ó sì jókòó padà. Ibẹ̀ ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó ìlà iwájú di ti àwọn tó kó aṣọ wá. Mujeedat á fi òwú pupa kọ orúkọ olóògbé sínú ọrùn aṣọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré sẹ́yìn kọ́tìnì, á máa pe orúkọ tó wà nínú aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì bá olóògbé dáhùn pé, "Mo wà níbí." Pásítọ̀ kan bínú sí i, lèmọ́ọ̀mù kan bínú sí i. Nígbà tó kan àwọn náà, ìlà iwájú ni wọ́n jókòó sí.

Aṣọ kan ṣoṣo ni Mujeedat ò jẹ́ kó débẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ọkọ rẹ̀.

Awakọ̀ tírélà ni Ìsìmáílà. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó wà lórí ìlà ní ibùdókọ̀ Coconut, ó ń retí kí wọ́n pè é wọ èbúté. Ó ní òun fẹ́ ra búrẹ́dì. Wọ́n bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní ṣíṣí, wọ́n bá sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, wọ́n kọjú sọ́nà ìsọ̀ búrẹ́dì, kò sì sẹ́ni tó tún fojú kàn án mọ́. Mujeedat wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó wá a dé mọ́ṣúárì, títí tí bàtà fi jẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò sọ ọ́ lásán, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.

Àwọn ẹbí ọkọ ní kí wọ́n ṣe fídáù, ó ní ta ló kú? Wosilat, ọmọ wọn kan ṣoṣo, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun sunkún bàbá òun kóun sinmi. Ìyá fi ìbínú lé e jáde, oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo Jímọ̀ ló ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń fi í kọ́. Agídí ni mo pè é nígbà yẹn. Kí Ọlọ́run forí jì mí, ìfẹ́ ni.

Lọ́dún yìí, nígbà òjò, aṣọ mọ́kànlá ló jáde fún eré kan. Mujeedat pe orúkọ mọ́kànlá, ó gbọ́ ìdáhùn mọ́kànlá. Ó ti pa ìwé tó kọ orúkọ wọn sí dé tán kí ẹnì kan tó tún ọ̀fun ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ̀, tó ní, "Èmi rè é."

Ó yíjú, aṣọ eré tó fi kọ́ nìkan ló rí. Ó bú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dáadáa. Wọ́n búra pé àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ohùn náà tún dáhùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà lè wà lẹ́yìn òun. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni ohùn ti wá. Ó dá ohùn náà mọ̀, nítorí Ìsìmáílà kì í jẹ́ni láìkọ́kọ́ tún ọ̀fun ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tó bí i ti nà án títí lórí ẹ̀, kò jáwọ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dá a rò pé bóun bá pe orúkọ ọkọ òun tí kò sẹ́ni tó dáhùn, a jẹ́ pé ó wà láàyè níbì kan, àárẹ̀ ara òun ló ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó fi òwú pupa kọ orúkọ náà sínú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì.

Reuben, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ rẹ̀, ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Mujeedat pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bí mo bá pe orúkọ inú aṣọ yìí, má dáhùn. Kí ẹnikẹ́ni má dáhùn."

"Màmá, ṣé kò ní burú?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Nígbà tákòókò tó, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sápá, ó pe mọ́kànlá, mọ́kànlá dáhùn. Ó wá ní, "Ìsìmáílà Ògúnjìmí."

Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún níta. Ó dúró, ó dúró, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ti ń sọ alhamdulilahi nínú ọkàn rẹ̀, ni ẹnì kan bá tún ọ̀fun ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Inú ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lápá rẹ̀ ni, aṣọ náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Èmi rè é, Mújí. O mà pẹ́ kó o tó pè mí."

Reuben ń wò ó. Ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó dáhùn o."

Mujeedat na aṣọ náà sí i. Ó ní kó wọ̀ ọ́, kó má dé bọ́tìnnì òkè, ó máa ń fún ọkọ òun lọ́rùn. Ó wá fi fóònù pe Wosilat, ó ní kó máa bọ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, ó lọ jókòó ní ìlà iwájú, ó gbé gèlè rẹ̀ sórí ìjókòó kejì fún ọmọ rẹ̀. Wosilat dé bí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ṣe ń jáde sórí ìtàgé. Ìyá rẹ̀ ti wà lórí ìdúró.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Wọsí," ló wí.

Ó jókòó, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì sọ fún un pé ó lè sunkún bàbá rẹ̀ wàyí.