Ẹni Tí Wọ́n Gbé Ló Ń Sọ̀rọ̀

Òórùn ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Rọ́bà tútù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú báàgì, àti òórùn ọ̀dùnkún díndín àná tó ń ti ilé oúnjẹ wọn bọ̀, gbogbo rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ òtútù kan bí ìgbà téèyàn bá ti orí bọ fírísà ẹlẹ́ja. Bí o bá wọ ilé yìnyín yẹn, níbi tí wọ́n ti ń fi bàtà onírin jó lórí omi dídì, lẹ́ẹ̀kan, imú rẹ kò ní gbàgbé. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì pákó tó wà létí ògiri rẹ̀, aṣọ òtútù méjì lọ́rùn, fúláàsì tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mò ń wo ọmọ ọmọ mi bó ṣe ń ṣubú.

Ìyá ọmọ náà, ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe nígbà náà. Nítorí náà èmi ni mo ń mú un lọ. A ó wọ bọ́ọ̀sì ìdájí láti Moorings, àdúgbò wa ní London, àwọn wọ́dà á sọ̀kalẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh pẹ̀lú bàtà dúdú wọn tó ń dán, àwa á bá tiwa lọ sí Woolwich, a ó wọ tíréènì tó ń gba abẹ́ odò kọjá. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá ni. Á sùn lé mi léjìká, báàgì bàtà onírin rẹ̀ á máa gún mi lórúnkún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní Mushin pé orí yìnyín ni ọmọ ọmọ mi yóò ti máa jó, mo máa ní kó lọ fomi tútù bọ́jú.

Irú ijó tiwọn, wọn kì í dá a jó. Ọkùnrin kan, obìnrin kan ni. Ọmọkùnrin tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ga, ó lágbára, ìyá rẹ̀ sì ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé ní Thamesmead. Bí kì í bá ṣe pé mo mọ ilé tó ti wá ni, ṣé èmi ni màá jókòó kí ọmọkùnrin máa di ọmọ mi mú níbàdí lójú gbogbo ayé?

Olùkọ́ wọn, òyìnbó obìnrin kan ni, tí kì í fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ dáadáa nítorí orúnkún rẹ̀ tó ti bàjẹ́ láti ìgbà tí òun náà ń jó. Gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló ń pe orúkọ mọ́ ọn lórí. Mo ní tèmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, “Auntie” ni kó máa pè é. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ òyìnbó náà fi ń pè é ní Auntie, ara rẹ̀ sì yá gágá. Kò tíì kọ́ ọmọ méjì pọ̀ rí, àwọn tiwa ni àkọ́kọ́. Alákòóso ilé yìnyín náà fún un ní wákàtí kan láràárọ̀ kí àwọn èrò tó dé, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún un: títí di ìdíje ìgbà tí òtútù bá ń lọ ni. Bí wọ́n bá ṣe dáadáa níbẹ̀, wákàtí náà di tirẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe dáadáa, òun á gbé e fún ẹlòmíràn. Kò sì sí ẹlòmíràn tó fẹ́ gba olùkọ́ tí kò tíì lórúkọ, pẹ̀lú ọmọ méjì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ti orí yìnyín bọ̀, mo gbọ́ tí ọmọ ọmọ mi pe orúkọ ọmọkùnrin náà lásán, kò fi “Bọ̀dá” sí i, ó ní, “No, man, ọwọ́ ẹ ò sí níbi tó yẹ. Ṣe é again.” Ìyá ọmọkùnrin náà dúró tì mí. Ojú tì mí débi pé òtútù ibẹ̀ ò mú mi mọ́.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?” ni mo bi í. “Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta jù ọ́? Kúnlẹ̀ kí o bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Ó kúnlẹ̀ tòun ti bàtà onírin lórí rọ́bà tútù yẹn, àwọn ọmọ òyìnbó ń wò wá bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọmọkùnrin náà ń yí ojú ká. “Grandma, it's calm, abeg, ẹ jẹ́ kó dìde.” Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, “Dákẹ́ jàre! Mummy, ẹ ṣeun o. Àwọn ọmọ tí a bí síbí yìí, bí a ò bá tètè fà wọ́n létí, àwa náà ni wọ́n máa pe orúkọ mọ́ lórí.” Mo padà délé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú inú dídùn. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Bọ̀dá. Wọ́n jó dáadáa títí di ìgbà tí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní gbígbé. Ọmọkùnrin náà ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbá eegun ìbàdí ọmọ mi mú, kó gbé e kọjá orí ara rẹ̀, kó sì máa yí bó ṣe ń lọ. Òfin kan ṣoṣo ni olùkọ́ fi lélẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ láràárọ̀ títí tí èmi tí mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà fi há a sórí: “Ẹni tí wọ́n gbé ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, agbára ló ní, kò rí nǹkan kan. Ẹni tó ń lọ sókè ló mọ̀ bóyá ọwọ́ wà níbi tó yẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó ké ‘No!’, kí wọ́n fi sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.”

Ọmọ mi ò ké. Ọwọ́ òsì ọmọkùnrin náà a máa yọ̀ gòkè síbi ìhà, ọmọ mi a sì lọ sókè bẹ́ẹ̀, á wọ́, á já lulẹ̀ gbàgà. Lónìí, lọ́la, ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo ń fi aṣọ tí mo rì sómi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níbàdí, mo ń fi òrí pa á, ara rẹ̀ ti dúdú káàkiri bí èso àgbálùmọ̀ tó jábọ́ sórí òkúta. Bí mo bá bi í, á ní, “I'm fine, Grandma.” Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tó ń ṣe tí kò dáa; ó wá ń bẹ̀rù láti gbé e, ẹ̀rù yẹn sì mú kí ọwọ́ rẹ̀ burú sí i. Mo bínú sí ọmọkùnrin, mo bínú sí yìnyín, mo bínú sí òyìnbó tó ń pariwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, olùkọ́ gbá ògiri. “Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Wò mí lójú!” Ọmọ mi tẹ orí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ pé kí ọmọ máa ṣe bí àgbà bá ń bá a wí. Obìnrin náà yíjú sí mi, omi ti lé sí i lójú. “Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ṣé etí ọmọ yìí dá?”

“Etí rẹ̀ dá ṣáká,” ni mo wí. “Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.”

Mo gbé báàgì, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́. Nínú tíréènì, kò sùn lé mi léjìká.

Nígbà tí ìdíje ku oṣù kan, olùkọ́ ní kí wọ́n wá ṣe é lórí ilẹ̀ ní pápá Plumstead Common lọ́jọ́ Sátidé, nítorí koríko kì í dunni tó yìnyín. Èmi ni mo mú wọn lọ. Mo tẹ́ náílọ́ọ̀nù sórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó, àwọn èèyàn ń fa ajá wọn kọjá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ògiri láàárín èmi àtàwọn ọmọ náà, mi ò fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá jìnnà sí wọn. Ọmọkùnrin náà na ọwọ́. Mo rí ọwọ́ òsì yẹn tó yọ̀ kúrò ní eegun. Mo rí ẹnu ọmọ mi tó là. Ó pa á dé. Ó wá bojú wẹ̀yìn, kò wo ọmọkùnrin náà, èmi ló wò. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí wọ́n gbé òun, ó sì já lulẹ̀.

Tíì inú kọ́ọ̀bù dà sí mi láṣọ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, mo rí ọ̀gá mi tó gbé sísọ́ọ̀sì lé léèsì oníbàárà lódìkejì. Mo rí i kedere, mo sì dákẹ́, ṣebí ọ̀gá ni. Léèsì bàjẹ́, ó gbá mi létí, ó ní kí ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń bínú sí obìnrin yẹn, àṣé èmi náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń kọ́ ọmọ mi ní ohun tí wọ́n kọ́ mi.

Mo pe àwọn méjèèjì. “Láti òní lọ, ẹni tó bá wà lókè lẹ̀gbọ́n. Tó o bá ti gbé e kalẹ̀, kó o gba ipò rẹ padà. Ṣé ẹ gbọ́?” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Grandma, mo ti ń sọ fún un tipẹ́. She's scared of you, not me.”

Ìwọ rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán. Ohun tí mo fi àárọ̀ ọjọ́ kan dì, oṣù kan ò tó láti tú u. Ọmọ náà gbìyànjú, àmọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má—”, kó tó parí rẹ̀, ó ti wà nílẹ̀. Mo ń pariwo láti orí bẹ́ǹṣì, “Pe orúkọ ẹ̀! Pe orúkọ ẹ̀ lásán!” Olùkọ́ ń wò mí bí ẹni tó ya wèrè.

Lọ́jọ́ ìdíje, ìsọ̀rí oníjó méjìméjì méje ló wá. Orin àwọn ọmọ wa dé ibi tí ó ti yẹ kó gbé e, ọwọ́ òsì yọ̀, ohùn ọmọ ọmọ mi sì dún gba gbogbo gbọ̀ngàn já: “No!” Ó fi orúkọ ọmọkùnrin náà tì í, lásán. Wọ́n fi gbígbé náà sílẹ̀, wọ́n ń bá ijó lọ. Olùkọ́ wọn nìkan ló ń pàtẹ́wọ́ létí ògiri, tó ń fò sókè lórí ẹsẹ̀ kan tó dá. Ipò kẹfà ni wọ́n gbà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wákàtí náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún un, kí ó má baà rò pé iṣẹ́ òun ni kò dáa. Mo sọ ti kíkúnlẹ̀ fún un. Kò bínú, ó dà bíi pé ó sàn kó bínú. Ó fọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. “Olùkọ́ tèmi náà kò fẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀,” ló wí. “Èrè rẹ̀ rèé.”

Ilé yìnyín mìíràn gbà wọ́n lẹ́yìn náà, ó jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọdún kan gbáko sì ṣòfò kí wọ́n tó rí i. Ó ṣì ń dùn mí. Àwọn méjèèjì àti olùkọ́ wọn ṣì wà pọ̀ títí dòní, wọ́n ti lórúkọ díẹ̀, wọ́n sì ń gbé lókè ní àríwá níbi tí òtútù ti pọ̀ jù. Ọmọ mi ti di ọmọ ogún ọdún.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ìbàdí lóṣù tó kọjá, ó wálé wá tọ́jú mi. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi láti gbé mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí ó dì mú dùn mí wọ eegun, àmọ́ mo rò pé ọmọ ń ṣe dáadáa, kí n má yọ ọ́ lẹ́nu. Mo pa ẹnu mọ́, mo di ojú.

Ó dáwọ́ dúró. “Grandma,” ló wí, “èmi ni mo wà nísàlẹ̀ o. Mi ò rí nǹkan kan.”

Mo la ojú. Mo ní, “Rárá. Kì í ṣe ibẹ̀.”

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, sórí eegun. Mo sì dìde.