Omi Àlùwàlá Ọjọ́ Yìgì

Àmúdàtù Ìsàlẹ̀ Gángan mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi omi àlùwàlá du ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fi gbẹ̀san.

Alhaji Muqtadir, aládùúgbò rẹ̀, ló gbẹ́ bọhóòlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọn, tó ń fi ẹ̀rọ fa omi tà fún àwọn onítáńkà títí kànga agbo ilé Àmúdàtù fi gbẹ. Àmúdàtù bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, pé omi iyọ̀ ò jìnnà sí wa l'Ékòó. Alhaji rẹ́rìn-ín lójú àwọn oníbàárà: "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbin omi síbẹ̀ ni?"

Àmúdàtù padà sílé. Ó ń gbe omi òjò, ó sì ń ṣàdúà. N ò bèèrè àdúà wo.

Lọ́jọ́ yìgì ọmọ Alhaji ni omi bọhóòlù di oníyọ̀. Àlejò kún ìta, ìrun Àyìlá dé, Alhaji sáré wá bẹ Àmúdàtù fún omi. Àmúdàtù gbé kẹ́tùlù omi òjò lọ sẹ́nu géètì ilé tirẹ̀, ó ń da omi fún àwọn àlejò fúnra rẹ̀.

"Ẹ rọra lò ó o. Alhaji ti fa tiwa tán."

Ó kan Alhaji. Nígbà tó ku ẹsẹ̀ nìkan, Àmúdàtù dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti fẹ́ kírun."

"Mo gbọ́. Ẹ̀rọ ńkọ́?"

Lójú Lèmọ́mù àti àwọn àna rẹ̀, Alhaji ṣèlérí pé òun á tú u, òun ò sì ní gbẹ́ bọhóòlù mìíràn. Ìgbà náà ni Àmúdàtù tó da omi sí i lẹ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wọn òróró.