Ẹni Tó Dá Nìkan Dé, Kò Tíì Dé

Ó dìgbà o, Ẹ̀gbọ́n Adéṣínà! Ó dìgbà tí a óò na ọwọ́ sí yín lójú ọ̀sà tí ẹ kò ní na tiyín padà. Akọni tó bọ́ aṣọ ṣọ́jà tí kò bọ́ ìwà akin, olórí àwa ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ìjẹ̀dé, ọkọ Ìyá Bùsọ́lá, ta ló ní kí ẹ tètè sinmi báyìí?

Àwọn ọmọ yín ló ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ètò ìsìnkú yín. Mo ní kí wọ́n wá ẹni tó kàwé jù mí lọ, torí ilé-ìwé girama ni tèmi mọ. Wọ́n kọ̀. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Ẹ bá mi gba èyí tó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣẹ̀yẹ, bí ẹ kò bá mọ̀, gbogbo ọkọ̀ wa tó ń kó ẹja láti Ìjẹ̀dé lọ sí ọjà Ẹ̀pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gbéra nígbà tí ara Ẹ̀gbọ́n ṣì le. Ìlànà Ẹ̀gbọ́n ni. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lágbára ni yóò ṣíwájú, kí gbogbo wa lè máa bá ìrìn rẹ̀ rìn. Èyí tó yára jù, ìyẹn ti Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn, ni yóò kẹ́yìn, kí ojú wọn lè tó gbogbo wa. Tèmi ló máa ń ṣíwájú. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bùrọ̀dá Kúnlé, ṣé ká sọ̀kalẹ̀ bá yín tì í ni?" Ẹ̀gbọ́n a ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ọ̀gá yín ló wà níwájú yẹn!"

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ti kọ́ ọ, ẹ sọ ọ́ fún wa títí tó fi di àkọ́sórí. Nígbà tí ẹ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ṣọ́jà, wọ́n di ẹrù wíwúwo lé yín lẹ́yìn, wọ́n ní kí ẹ sáré la igbó já. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé géètì, ẹ ń retí ìyìn. Ọ̀gá tó ń kọ́ yín wo ẹ̀yìn yín, ó ní, "Àwọn tí ẹ jọ lọ dà?" Ó dá yín padà sínú igbó tẹrùtẹrù. Ẹ bá ẹnì kejì yín lẹ́bàá ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ẹ gba ẹrù rẹ̀ kún tiyín, ẹ jọ rọra wọlé. Ẹ ní ẹkún lẹ sun dé géètì, pé ọjọ́ yẹn gan-an lẹ di ṣọ́jà. Láti ìgbà náà lẹ ti ń wí pé, "Ẹni tó dá nìkan dé, kò tíì dé."

Síbẹ̀, ọwọ́ yín rọ̀ ju òwú lọ. Bí ìyá ẹlẹ́ja kan bá ń bẹ̀rù àtisọ̀kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ń na apá: "Ẹ fi mí ṣe igi, Màmá. Ṣọ́jà kì í ṣẹ́."

Ní ọsibítù ní Ìkòròdú, nígbà tí ohùn yín ti rẹlẹ̀, kì í ṣe ìrora yín lẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ ní, "Ta ló ń kẹ́yìn báyìí?" Mo ní, "Kò tíì sẹ́ni, ẹ̀gbọ́n. Kálukú ń sá tirẹ̀." Ẹ ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Ẹni tó mọ bí ọkàn ẹni tó ń falẹ̀ ṣe ń rí, kì í gbójú kúrò lára rẹ̀."

Lẹ́yìn ikú yín, èmi náà ni àwọn ọlọ́kọ̀ nawọ́ sí. Ìyá Bùsọ́lá ní kí n wá gbé ẹ́ńjìnnì yín: "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe nílé? Ṣé kí n máa fi gúnyán ni?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ sin yín ná. Àwáwí ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò ṣe ṣọ́jà rí, ohùn mi kò sì dún ketekete. Bí ọkọ̀ kan bá sọnù lójú mi ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣi ènìyàn yàn ńkọ́?

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Wàsíù, tí ọkọ̀ tirẹ̀ ti wá burú ju tèmi lọ, dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ọjà ti tú, gbogbo ẹja rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwa tó kù ti tà, a ti jẹun. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó há sí. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rù mi lọ.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí ni ẹlẹ́rìí mi. Lọ́jọ́ Ajé, Wàsíù ni yóò ṣíwájú. Èmi ni n óò kẹ́yìn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì yín. Ẹ̀rù náà kò tíì lọ. N óò gbé e sínú ọkọ̀, a óò jọ máa lọ.

Ẹ sùn re o, ọkùnrin ogun, ẹlẹ́yinjú àánú. Ẹ ti ṣọ́ wa tó. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Kúnlé, àbúrò yín lójú omi.