Ìnujú Funfun Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ìyá ìyàwó mi, tó ń ta ẹ̀wà ní Èbúté Èrò, ìnujú funfun ló fi ń yẹ ọ́ìlì bíréèkì àti ti jíà píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wò kó tó yá ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ yá a fi kó ẹrù, ìnujú dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Màmá, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ṣì dáa."

"Òun nìkan lẹ̀yin ọkùnrin mọ̀. Ẹ́ńjìnì á gbé ẹ jáde, bíréèkì ló máa gbé ẹ wálé. Àbí o fẹ́ kọ́mọ mi dopó?"

Mo kùn títí mẹkáníìkì tó pè fi pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì àti ti jíà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá sí Ìdúmọ̀tà, ọlọ́mọlanke kan já sójú ọ̀nà. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bú mi, ó bú bàbá mi. Èsì tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ ṣeun, Màmá."